Ẹni Tó Ṣí Fáìlì Ọmọ Káfíńtà

Àtẹ̀jíṣẹ́ náà kò gùn, ṣùgbọ́n Káfíńtà ti kà á títí ojú fóònù rẹ̀ fi funfun fún ìyẹ̀fun pákó. Ó gbé fóònù náà sórí tábìlì iṣẹ́, láàárín ayùn àti òòlù, bí ẹni gbé ejò kalẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn.

Obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀ ti jígí bọjú, ó tẹ̀ síwájú, ó kà á láì fọwọ́ kàn án. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ìyá Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí láti ọdún mẹ́tàlélógún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ kó pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe olè, ìbáà ṣe ọ̀gá.

Ohun tó kà nìyí:

“A mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ bí ọmọbìnrin yín. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹta ni wọ́n bí i. Ìyá tó bí i fi í sílẹ̀ sí ilé ìwòsàn nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́rin. Nọ́ńbà fáìlì rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ yìí. Tí owó tí a ní kí ẹ san kò bá tíì dé ọwọ́ wa ní aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, orí fóònù ọmọ náà ni a ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí.”

Ọjọ́rú ni wọ́n wà yìí, oòrùn ti yẹ̀ ní àtàrí.

“Ta ló mọ̀?” ni Ìyá Jẹ́jẹ́ béèrè.

“Èmi, ìyàwó mi, àti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti fún wa lọ́mọ. Ìyá mi mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti sùn.”

“Ọmọ fúnra ẹ̀ ńkọ́?”

Káfíńtà wo ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló dáhùn. “Ọdún yìí la fẹ́ sọ fún un. Lọ́dún tó kọjá náà, ọdún yẹn la fẹ́ sọ fún un.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́rìnlá.

Àfi bí ẹni pé wọ́n pè é, ó yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn. Ọmọ tó ga, tí ojú rẹ̀ ń wo gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Kékeré ni bàbá rẹ̀ ń pè é. Ó kúnlẹ̀ kí àlejò.

“Ẹ káàsán, mà. Ṣé àga lẹ fẹ́ ṣe?”

“Mo ṣì ń wò ó.”

“Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá ọjọ́ fún yín o. Bàbá mi kò mọ ọ̀la yàtọ̀ sí oṣù tó ń bọ̀.”

“Ìyá Kékeré, wọlé lọ bọ́ aṣọ ilé ẹ̀kọ́,” ni Káfíńtà wí. Ohùn rẹ̀ fẹ́ dà bí ti ojoojúmọ́, kò rí i ṣe. Ọmọ náà wò ó, ó wo ìyá rẹ̀, ó wọlé.

Ìyàwó Káfíńtà dúró títí ilẹ̀kùn fi padé. “Mà, ohun kan wà níbẹ̀ tí kò tọ̀nà. Ọjọ́ kejìlá ni wọ́n bí i, kì í ṣe ọjọ́ kọkànlélógún. Ìwé ilé ìwòsàn wà lọ́wọ́ mi.”

Ìyá Jẹ́jẹ́ bọ́ jígí. “Ẹ mú ìwé yẹn dání fún mi. Ẹ má san kọ́bọ̀, ẹ má sì dá wọn lóhùn.”

Ní àgọ́, ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ gígùn. Ilé iṣẹ́ náà ti fi ìwé ránṣẹ́: lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀sán, ẹnì kan ṣí fáìlì ọmọ náà lórí kọ̀ǹpútà, orúkọ obìnrin tó ń tọ́jú fáìlì ló sì fi wọlé.

“Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani,” ni ọ̀gá wí. “Ẹ lọ mú obìnrin náà wá.”

“Ẹ fún mi di Ẹtì, sà. Bí mo bá mú un lónìí tí kì í bá ṣe òun, ẹni tó kọ lẹ́tà yóò ṣì wà níta, aago méjìlá yóò sì dé bá wa.”

Ọ̀gá fọwọ́ lé e kó máa lọ.

*

Yàrá fáìlì ilé iṣẹ́ náà wà ní ìsàlẹ̀ ilé alájà méjì kan. Pẹpẹ irin yí i ká, ó ga dé òrùlé, àwọn páálí aláwọ̀ ilẹ̀ sì tò sórí rẹ̀, nọ́ńbà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí orúkọ kankan. Lórí ògiri, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: PẸ́ŃSÙ NÌKAN. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí irun rẹ̀ ti funfun lẹ́bàá etí dìde lẹ́yìn tábìlì. Ìyá Fáìlì ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é.

“Ẹ jókòó, mà. Mo ti gbọ́ pé èmi lẹ wá mú.”

“Ìbéèrè ni mo wá bi yín.”

“Ibẹ̀ náà ni wọ́n máa ń gbà bẹ̀rẹ̀.”

“Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́ta ọ̀sán, níbo lẹ wà?”

“Mo wà nílé ìwòsàn. Ọkọ mi ní rọpárọsẹ̀ lọ́dún tó kọjá, apá kan ara wọn kò ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la máa ń lọ kọ́ ìrìn. Èmi ni mo di ìgbànú wọn mú. Ẹ bi obìnrin tó ń kọ́ wọn.”

“Kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ fi ń ṣiṣẹ́ ńkọ́?”

“Ó wà nínú báàgì mi, ní pípa.”

“Ta ló tún máa ń fọwọ́ kàn án?”

“Kò sí.” Ó yára dáhùn, àyárajù.

Ó ṣí kọ̀ǹpútà alágbèéká náà láti fi ojú ìwé tí wọ́n fi ń wá fáìlì hàn án. Bó ṣe ń jí, ó hó gèè tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyá Fáìlì fi sáré fi ìka tẹ ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Lẹ́tà orí rẹ̀ tóbi bí èso. Ìyá Jẹ́jẹ́ rí gbogbo èyí. Ó kàn ní kí wọ́n mú fáìlì ọmọ náà gan-an wá, èyí tó jẹ́ ìwé.

Ìyá Fáìlì rọra gun àkàbà kékeré, ọwọ́ kan lórí orúnkún, ó wo nọ́ńbà tíntìntín tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sí ara páálí lókè réré, ó fa ọ̀kan yọ, kò wọ jígí kankan. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ní iwájú ojú ìwé kìn-ín-ní, wọ́n kọ ọ́ pé ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹta, nọ́ńbà fóònù àwọn òbí àti ti ọmọ sì wà lábẹ́ rẹ̀.

“Àṣìṣe wà níbẹ̀,” ni Ìyá Jẹ́jẹ́ wí.

“Ẹ ṣí i sẹ́yìn.”

Ní ẹ̀yìn ìwé náà, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: “Ọjọ́ kejìlá ni, ìwé ilé ìwòsàn jẹ́rìí sí i.” Ìbuwọ́lùwé méjì wà lábẹ́ rẹ̀, oṣù mẹ́rin sẹ́yìn.

“Níbí, a kì í fa ìlà sórí nǹkan tí wọ́n ti kọ sínú fáìlì,” ni Ìyá Fáìlì ṣàlàyé. “Ìwé ayé ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ni. Bí a bá rí àṣìṣe, ẹ̀yìn la ń kọ ọ́ sí, ẹni méjì á sì buwọ́ lù ú. Èmi ni kejì. Igbákejì mi ló rí i, òun ló kọ ọ́.”

“Nínú kọ̀ǹpútà ńkọ́?”

“Ojú kan ìwé ni ẹ̀rọ tí a fi ń ya fáìlì síbẹ̀ ń yà. Iwájú nìkan ló wà níbẹ̀.”

*

Igbákejì wà lórí àjà kejì, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣí dáadáa. Ọkùnrin ogójì ọdún ni, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó sì mú ojú le bí ẹni tí wọ́n ti gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

“Ọdún mọ́kànlá ni mo ti lò lábẹ́ Ìyá Fáìlì, mà. Ojú tí wọ́n fi ń wo àga yìí ni wọ́n fi ń wò mí. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ mọ́ wọn.”

“Ẹ ṣeun. Fóònù wo ló wà nínú dúrọ́ọ̀ yín tó ṣí sílẹ̀ yẹn?”

Ó yọ ọ́ jáde. Bí ilé iṣẹ́ náà ṣe ń ṣọ́ fáìlì rẹ̀ nìyí: bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọ ibi tí fáìlì wà lórí kọ̀ǹpútà, yóò kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, nọ́ńbà kan yóò sì wọlé sórí fóònù kan ṣoṣo yìí. Ẹni náà gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn wá síbí, kó buwọ́ lu ìwé, kó tó rí nọ́ńbà náà.

Ìyá Jẹ́jẹ́ ṣí ìwé ìbuwọ́lùwé. “Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ìyá Fáìlì wá lóṣù yìí. Ọjọ́ kejì oṣù.”

“Orúnkún ń dùn wọ́n. Bí wọ́n bá ti wá lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í jáde kúrò nínú ojú ìwé fáìlì mọ́. Wọ́n kàn máa ń pa kọ̀ǹpútà dé ni, bó bá di ọjọ́ kejì, wọn á bá a níbi tí wọ́n fi í sí.”

“Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nọ́ńbà kankan kò wọlé sórí fóònù yìí?”

“Kò sí. Ẹ wò ó.”

“Àbí ó wọlé, ẹ sì pa á rẹ́. Ọwọ́ yín ló wà.”

Ọkùnrin náà na ọwọ́ méjèèjì síwájú.  “Bí ẹ bá fẹ́ mú mi, ẹ mú mi. Ìyàwó mi wà nínú oyún oṣù méje, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pè é ná.”

“Ọjọ́ wo ni wọ́n bí ọmọ Káfíńtà?”

“Ọjọ́ kejìlá.” Kò rò ó rárá. “Èmi ni mo rí àṣìṣe yẹn. Ẹ̀rín ni Màmá ìsàlẹ̀ rín nígbà tí mo mú un lọ bá wọn. Wọ́n ní, ‘O ní ojú.’ Nǹkan dáadáa kan ṣoṣo tí wọ́n tíì sọ fún mi nìyẹn.”

Ìyá Jẹ́jẹ́ pa ìwé náà dé. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń rò ó ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ dẹ́rù ba òbí kì í mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ọjọ́ ìbí ọmọ kọ. Ó fẹ́ kí ohun gbogbo pé, kí ẹ̀rù lè wọ egungun. Àwọn méjì tó wà nínú ilé yìí mọ ohun tó wà lẹ́yìn ìwé, wọ́n buwọ́ lù ú. Ẹni tó kọ lẹ́tà, iwájú nìkan ló mọ̀. Inú kọ̀ǹpútà ló ti kà á, kò sì fẹsẹ̀ tẹ ilé yìí rí láyé rẹ̀.

Báwo ló ṣe wá wọlé? Kò gba nọ́ńbà, kò kan ilẹ̀kùn.

*

Ẹlẹ́rọ ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ní àgọ́. Ó ń tún fáànù ara rẹ̀ ṣe nígbà tí Ìyá Jẹ́jẹ́ wọlé.

“Mà, fáànù yìí ti bá mi jà láti àárọ̀.”

“Fi í sílẹ̀. Báwo ni èèyàn ṣe lè wọ ilé tí ó ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà àti nọ́ńbà, tí kò ní mú ìkankan dání?”

Ẹlẹ́rọ nu ọwọ́. “Ẹ ti lọ síbi tí wọ́n ti máa ń lu òǹtẹ̀ sí àlejò lọ́wọ́ rí? Bí ẹ bá ti fi ara hàn lẹ́nu géètì lẹ́ẹ̀kan, wọn á lu òǹtẹ̀ sí yín lọ́rùn ọwọ́. Ẹ lè jáde, ẹ lè padà wá. Ọwọ́ lẹ kàn máa nà, wọn ò ní bi yín ní nǹkan kan mọ́.”

“Mo ti lọ rí.”

“Ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti wọlé lẹ́ẹ̀kan, á fi àmì kékeré kan sínú kọ̀ǹpútà yín. Kúkì ni wọ́n ń pè é. Òun ló fi ń mọ̀ yín lọ́jọ́ kejì.”

“Bí ẹnì kan bá wá da òǹtẹ̀ mi kọ sí ọwọ́ tiẹ̀?”

“Á wọlé. Wọ́n á tún kí i káàbọ̀, orúkọ yín ni wọ́n á sì fi pè é.”

“Títí di ìgbà wo?”

“Bí ẹ bá tẹ ‘Jáde’, òǹtẹ̀ yẹn kú. Bí ẹ kò bá jáde, ó wà láàyè.”

Ìyá Jẹ́jẹ́ rántí orúnkún tó ń dunni àti àtẹ̀gùn gígùn. “Ibo ni olè ti máa ń rí òǹtẹ̀ dà kọ?”

“Inú kọ̀ǹpútà yẹn gan-an, mà. Ẹnì kan ti gbọ́dọ̀ lẹ nǹkan mọ́ ọn.”

“Ó ní kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án.”

“Ẹ gbà á gbọ́?”

“Obìnrin tó ń ka nọ́ńbà pẹ́ńsù láì wọ jígí, kí ló fẹ́ fi lẹ́tà tó tóbi bí èso ṣe? Ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi nígbà tí mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí ló fẹ́ fi ohùn tó ń ya etí ṣe? Arúgbó kan wà nídìí kọ̀ǹpútà yẹn, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, etí rẹ̀ sì ti wúwo. Mú báàgì rẹ. A ó lọ kí i lọ́la.”

*

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ìyá Fáìlì fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ìgbà tó rí àwọn méjèèjì, ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

Yàrá náà kéré, ó sì mọ́ tónítóní. Wọ́n so okùn mọ́ ògiri láti orí ibùsùn dé ẹnu ilẹ̀kùn, kí ọwọ́ tó bá le lè máa dì í mú. Ọkùnrin kan jókòó sórí àga tó ní ìrọ̀rí méjì, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí itan bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa ọkọ̀ ojú irin. Fìlà iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó.

“Ẹ kú àárọ̀, Bàbá,” ni Ìyá Jẹ́jẹ́ kí i, ó sì gbé ohùn sókè díẹ̀, èyí tí kì í sábà ṣe. “Fíìmù wo lẹ ń wò lọ́wọ́?”

Ojú Bàbá tàn. “Ti adájọ́ tó sọnù yẹn ni. Ó kù díẹ̀ kí n parí ẹ̀.”

Ìyá Fáìlì fi ọwọ́ lé orí, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

“Ìrọ̀lẹ́ nìkan ni, mà,” ni ó wí. “Bí mo bá ń dáná, mo máa ń gbé e fún wọn. Òfin ilé iṣẹ́ ni pé kí ẹlòmíràn má fọwọ́ kàn án, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn nìkan ni mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ọjọ́ tí àìsàn yìí dé.”

“Ẹ jẹ́ kí Bàbá fi hàn wá.”

Bàbá fi ìka ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ó mọ ọ̀nà dáadáa. Ojú ìwé fíìmù náà ṣí. Àpótí kékeré mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀ fún àwọn tó ń wò ó, orúkọ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: Dádì, Mọ́mì, Ọmọge, Kékeré.

“Ta ni Kékeré, Bàbá?”

“Ọmọ wọn ni. Kò lè ju ọdún mẹ́ta lọ. Ehoro kan náà ló ń wò láràárọ̀, kì í sú u.”

“Ọmọ àwọn ta?”

Bàbá gbé ìka kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i díẹ̀díẹ̀.

“Ẹ sọ fún mi pé àwọn ará iṣẹ́ yín àtijọ́ ló san owó fíìmù yìí fún gbogbo yín,” ni Ìyá Fáìlì wí.

“Mo sọ bẹ́ẹ̀.” Ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ó bá Ìyá Jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. “Ọmọ mi, mi ò ní parọ́ fún ọ ní ọjọ́ orí mi yìí. Inú gúrúùpù kan lórí fóònù ni wọ́n ti ń fi í ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ gígùn kan ni, lẹ́tà àti nọ́ńbà, kò ní ìtumọ̀. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lẹ nǹkan kan mọ́ kọ̀ǹpútà, kí n wá da ọ̀rọ̀ gígùn yẹn sínú ẹ̀. Bí mo ṣe ṣe é, mo bá ara mi nínú ilé àwọn èèyàn yìí. Wọn kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.”

“Ẹ mọ̀ pé tiwọn ni?”

“Mo mọ̀. Mo rò ó pé fíìmù kì í ṣe omi inú ìkòkò. Bí mo bá wò ó, kò dín kù lọ́dọ̀ wọn. Mo sì ń ṣọ́ra. Bí Dádì bá wo nǹkan dé ìdajì, mi kì í fọwọ́ kàn án, kó má baà sọ ibi tó dé nù.” Ó fọwọ́ kan orúkọ kẹrin. “Ọjọ́ mẹ́ta kan wà tí Kékeré kò wo ehoro ẹ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo ní bóyá ara ọmọ náà kò yá.”

Kò sẹ́ni tó lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹlẹ́rọ ti fa kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀, ó ń wá nǹkan nínú rẹ̀. Ó dúró.

“Òun nìyí, mà. Ó ti wà lára ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ wo ohun tó béèrè lọ́wọ́ wọn kó tó wọlé: kí òun máa ka ohun gbogbo tó bá wà ní gbogbo ojú ìwé tí wọ́n bá ṣí. Bàbá, ẹ̀yin lẹ tẹ ‘Mo gbà’.”

“Ẹ kà á?” ni Ìyá Jẹ́jẹ́ béèrè.

“Ẹni tó ń wá fíìmù kì í ka ìwé àdéhùn, ọmọ mi.”

Ìyá Jẹ́jẹ́ fa àga sún mọ́ ọn, kó má baà di pé òun ń sọ̀rọ̀ lé e lórí. “Bàbá, ojú fèrèsé àwọn èèyàn yẹn lẹ jókòó sí, tí ẹ ń wo inú ilé wọn. Ẹni tó gbé àga fún yín níbẹ̀ náà sì ń wo inú ilé yín. Ọ̀rọ̀ gígùn tí wọ́n fún yín, òǹtẹ̀ Dádì ni, wọ́n jí i. Nǹkan tí ẹ lẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà yìí, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń gbé òǹtẹ̀ olóhun wọlé fún yín, ó sì ń kó gbogbo òǹtẹ̀ tó bá bá nínú kọ̀ǹpútà yín jáde. Ti Màmá wà níbẹ̀, nítorí wọn kì í tẹ ‘Jáde’.”

“Kí ló wà lẹ́yìn òǹtẹ̀ tiwọn?”

Ìyàwó rẹ̀ ló dá a lóhùn. “Àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ mi gbogbo.”

“Mélòó ni wọ́n ṣí?” ni Ìyá Jẹ́jẹ́ bi Ẹlẹ́rọ.

Ẹlẹ́rọ ka ìwé tí ilé iṣẹ́ náà fi ránṣẹ́, ìka rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ìlà. “Mọ́kàndínlógójì, mà.”

Ìdílé mọ́kàndínlógójì. Lẹ́tà kan péré ló tíì jáde. Ìyá Jẹ́jẹ́ ronú kan àwọn tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, níbi tó jìnnà réré. Wọn kò mọ Ìyá Fáìlì, wọn kò bá Káfíńtà jà rí. Àwọ̀n lásán ni wọ́n dà sómi, ìgbà tí wọ́n fà á sókè ni wọ́n tó wo ohun tó kó. Gbogbo wọn ní àgọ́ ti ń wá ọ̀tá. Kò sí ọ̀tá kankan.

“Ẹ tẹ ‘Jáde’ nísinsìnyí, mà,” ni ó wí fún Ìyá Fáìlì.

Obìnrin náà dìde, ó tẹ̀ ẹ́. Ojú ìwé fáìlì náà pa, ó tún ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ rẹ̀ bí àlejò.

“Òǹtẹ̀ yẹn ti kú lọ́wọ́ wọn,” ni Ẹlẹ́rọ wí.

“Ohun tí wọ́n ti kà ńkọ́?” ni Ìyá Fáìlì béèrè.

Ẹlẹ́rọ ń di báàgì rẹ̀.

“Èmi fúnra mi ni mo máa lọ sọ fún ọ̀gá wa,” ni Ìyá Fáìlì wí. “Ìdílé méjìdínlógójì yòókù gbọ́dọ̀ mọ̀ kí lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo mọ ilé wọn. Bí wọ́n bá lé mi, kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ kan àwọn ilẹ̀kùn yẹn.” Ó mú báàgì rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ó padà, ó tún ìrọ̀rí ṣe lẹ́yìn ọkọ rẹ̀ láì wo ojú rẹ̀.

Bàbá ń wo orúkọ mẹ́rin náà lórí kọ̀ǹpútà. “Bí ẹ bá rí wọn,” ni ó wí fún Ìyá Jẹ́jẹ́, “ẹ sọ fún wọn kí wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé.”

*

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ilé ìfági dákẹ́. Wọn kò jẹ́ kí ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ní kó ran àwọn lọ́wọ́ nínú ilé, ó sì ń fọ àwo lẹ́yìn, wọ́n ń gbọ́ ìró omi.

Ìyá Jẹ́jẹ́ ti ṣàlàyé ohun gbogbo tán. Káfíńtà ti pa òòlù mọ́ ọwọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì fi lu nǹkan kan.

“Ẹ máa rí wọn mú kó tó di aago méjìlá?”

“Rárá.”

“Lọ́la?”

“Ó lè jẹ́ oṣù mẹ́fà. Ó lè má jẹ́ láéláé. Mi ò ní tàn yín.”

“Ẹ jẹ́ ká san án nígbà náà,” ni Káfíńtà wí. “Mo ní igi tí mo lè tà.”

“Bí ẹ bá san án lónìí, wọ́n á tún padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ti mọ ibi tó ń dun èèyàn, ibẹ̀ ni yóò máa tẹ̀.” Ìyá Jẹ́jẹ́ rọra sọ ọ́. “Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí i. Wọn kò ní ìbọn, wọn kò sí nítòsí yín. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní lọ́wọ́: pé ọmọ yín kò mọ̀. Bó bá mọ̀, ọwọ́ wọn ṣófo.”

“Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Bó bá gbọ́, ó lè kó ẹrù ẹ̀.”

“Yóò gbọ́ lónìí, sà. Aago méjìlá kò ní yẹ̀. Ẹni tó máa sọ ọ́ nìkan ló kù tí ẹ lè yàn.”

Ìyàwó Káfíńtà ti dìde kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Ó lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. “Fi àwo sílẹ̀. Wá.”

Ọmọ náà wọlé pẹ̀lú ọwọ́ tútù. Ó rí Ìyá Jẹ́jẹ́. “Mà, àga yẹn kọ́ lẹ wá ṣe, àbí?”

“Àga kọ́.”

Ìyá Jẹ́jẹ́ fẹ́ jáde, Káfíńtà fi ojú bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń wo òde. Ó gbọ́ ohùn Káfíńtà tó bẹ̀rẹ̀, tó kọsẹ̀, tó tún bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka ẹ̀sùn sí ara rẹ̀ lọ́rùn: ilé ìwòsàn, fáìlì, ọdún mẹ́rìnlá, àwọn olè. Ó sọ ti àwọn olè ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó sọ ọ́ tán, Ìyá Jẹ́jẹ́ gbọ́ omi tó ń kán láti ọwọ́ ọmọ náà sórí pákó.

“Ẹni mélòó ló mọ̀ kí n tó mọ̀?” ni ọmọ náà béèrè níkẹyìn.

“Ó pọ̀,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Ó pọ̀ jù. Dárí jì wá.”

“Àwọn olè pàápàá.”

“Àwọn olè pàápàá.”

Fóònù ọmọ náà wà lórí tábìlì. Ó nà án sí ìyá rẹ̀. “Ẹ bá mi pa á. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́, mi ò fẹ́ ka tiwọn.” Ó fa àpótí kan, ó jókòó, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí yẹ̀rì. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n kò tíì jẹ́ kí omijé sọ̀ kalẹ̀. “Dádì ti sọ tiwọn bí ẹni ń lọ sẹ́wọ̀n. Ẹ̀yin ẹ sọ ọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ rí mi.”

Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, sórí ìyẹ̀fun pákó. Ìyá Jẹ́jẹ́ bọ́ síta, ó rọra fa ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ohùn náà bá a dé òde.

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Wọ́n gbé ọmọ mẹ́ta kọjá níwájú mi, mi ò mọ èyí tí mo lè wò. Ìwọ ń sunkún. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn gbé ọ fún ìṣẹ́jú kan péré, o sì di bọ́tìnnì aṣọ mi mú. Wọ́n ní kí n dá ọ padà sórí ibùsùn, kí n lọ buwọ́ lu ìwé. Mi ò rí ọ gbé kalẹ̀. O kò jẹ́ kí bọ́tìnnì yẹn lọ.”